Òṣùká Màámi

Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Kẹsàn-án 2025

A ti Ring Road dé. Ó rẹ̀ mí wọ eegun.

Dókítà Adéyẹmọ ní kí èmi nìkan wọlé. Màámi wà níta lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú Nọ́ọ̀sì Wùnmí, àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tó ti mọra tipẹ́. Dókítà ò fọ̀rọ̀ falẹ̀. Ó ní jẹjẹrẹ náà ti wọ eegun ẹ̀yìn. Kò sí iṣẹ́ abẹ mọ́, kò sí abẹ́rẹ́ tó lè lé e. Oṣù kan, bóyá méjì. Ohun tó kù ni kí ìrora má fìyà jẹ wọ́n. Ó wá pe orúkọ ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ lédè òyìnbó: "palliative". Mò ń mi orí bí ọmọ ilé-ìwé tí kò gbọ́ ìbéèrè.

Ó gbé ìgò oògùn kan fún mi. Omi pupa — mọ́fíìnì. Ṣíbí kékeré kan, wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, kò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù kan tó kún fún àpótí wẹ́wẹ́, kí n máa máàkì ọ̀kan nígbàkígbà tí mo bá fún wọn.

Bí mo ṣe ń dìde ló bi mí níṣẹ́ tí mò ń ṣe. Mo ní mo kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá nílé-ìwé fún ọdún mọ́kàndínlógún, mo ti ní ṣọ́ọ̀bù fọtokọ́pì l'Ágbowó báyìí, mo sì máa ń túmọ̀ ìwé fẹ́ni tó bá fẹ́. Ojú ẹ̀ tàn. Ó ní ó ti pẹ́ táwọn ti ń wá ẹni tó máa túmọ̀ ìwé pélébé kan fáwọn ẹbí irú aláìsàn báyìí. Ó kó o lé mi lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó wà níwájú ẹ̀, "palliative" náà ni.

Nínú takisí, Màámi ní, "Folúkẹ́, kí ni dókítà wí?" Mo ní wọ́n ní kẹ́ ẹ máa lo oògùn, ara yín á le. Wọ́n wò mí lójú, ó pẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Ó dáa."

Èmi atúmọ̀-èdè. Láti Ring Road dé Agbowó, n ò lè túmọ̀ gbólóhùn kan ṣoṣo fún ìyá mi.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 Oṣù Kẹsàn-án

Alága ti Challenge dé kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. (Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Olúgbádé, ò gbọ́dọ̀ mọ̀ láé pé orúkọ tí mò ń pè wọ́n nínú ìwé yìí nìyí. Àwọn náà ló fà á. Alága ẹbí, alága àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, alàgbà nínú ìjọ aláṣọ funfun. Láti kékeré ni wọ́n ti ń ṣalága lórí mi.)

Wọ́n gbọ́ "mọ́fíìnì", wọ́n bá figbe ta. Bàbá ọ̀rẹ́ wọn kan ní Challenge, wọ́n fún un lóògùn yẹn, kò lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. "Ẹni tí wọ́n bá ti sọ̀rètí nù nípa ẹ̀ ni wọ́n ń fún, Folúkẹ́. Tá a bá ti gbé e sí Màámi lẹ́nu, a ti ṣe àmín sí ikú nìyẹn." Wọ́n ní kí á gbàdúrà fún ọjọ́ mọ́kànlélógún. Omi àdúrà láàárọ̀ àti lálẹ́. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, ìgò yẹn ò gbọ́dọ̀ kan Màámi lẹ́nu. Bí ọjọ́ bá pé tí kò sí ìyípadà, ká wá fún wọn.

Mo ní ó dáa.

Kí n má parọ́ fún ìwé: wọn ò fipá mú mi. Ẹ̀rù ti ń bà mí tẹ́lẹ̀. Mo rí ẹ̀gbọ́n tí mo lè sá sẹ́yìn, mo sá sẹ́yìn ẹ̀. Mo fi náílọ́ọ̀nù wé ìgò náà, mo kì í sábẹ́ aṣọ òkè ìgbéyàwó mi nínú wọ́dúróòbù. Ó ti lórúkọ. Àlejò. Àlejò wọlé, a ò fún un lómi, a ò fún un níjòókòó.

Panadọ́ọ̀lù méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́. Ohun tí Màámi ń lò nìyẹn.


Ọjọ́bọ̀, 4 Oṣù Kẹsàn-án

Àwọn ọmọ yunifásítì kún ṣọ́ọ̀bù, pùrójẹ́ẹ̀tì ni gbogbo wọn ń tẹ̀. Láàárín ojú ewé kan sí èkejì, mò ń wá ọ̀rọ̀.

Ìrẹsì ni gbogbo ìlú mọ "palliative" sí. Àpò ìrẹsì tíjọba ń pín, táwọn èèyàn ń tò fún nínú oòrùn. Mo tú ìwé atúmọ̀-èdè ńlá tí mo gbé kúrò nílé-ìwé lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì. Ó ní èdè Látìnì ni ìpìlẹ̀ ẹ̀. Pallium: aṣọ ńlá táwọn ará Róòmù àtijọ́ ń dà bora. Látibẹ̀ ló ti di kéèyàn fi aṣọ bo nǹkan. Àṣé aṣọ ni! Inú mi kọ́kọ́ dùn. Mo wá kà á síwájú. Ó ní nígbà kan, ohun tí wọ́n ń lò ó fún ni kéèyàn bo àṣìṣe ẹ̀ mọ́lẹ̀, kó má hàn.

Mo pa ìwé náà dé. Mo lọ bá ọmọ kan wá ojú ewé tó sọnù.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo kọ tiwa sílẹ̀. Ìtura: ohun tó ń tu ara. Ìtùnú: ohun tó ń tu inú. Ìdẹ̀ra: kí ara dẹ̀. Ìrọ̀rùn: kí ọrùn rọ̀. Ọ̀rọ̀ dídùn ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìyà ti tán. Èyí tí mò ń wá ni ti ìyà tó ṣì wà níbẹ̀, tó ṣì wúwo, tí nǹkan kan kàn ń gbà á lọ́wọ́ èèyàn díẹ̀. Mo kọ mẹ́rin, mo pa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ́.


Ọjọ́ Ẹtì, 5 Oṣù Kẹsàn-án

Ṣíbí ògì mẹ́ta. Mo ní Màámi, ṣé ó ń dùn yín? Wọ́n ní ó ti dẹ̀.


Ọjọ́ Àìkú, 7 Oṣù Kẹsàn-án

Àwọn ará ìjọ wá lẹ́yìn ìsìn, aṣọ funfun kún pálọ̀. Bàbá Ikúbọlájẹ́, àgbà ìjọ, ló ṣáájú àdúrà. Ohùn bàbá yẹn ṣì ń dún bí agogo lẹ́ni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Màámi ṣe àmín, wọ́n tiẹ̀ bá wọn gbé orin. Lẹ́yìn àdúrà, Bàbá bi mí pé ṣé ìyá ń lo oògùn wọn déédéé. Kí n tó lanu, Alága ti ní, "Wọ́n ń lò ó, sà."

Mò ń wo ẹsẹ̀ mi. Sálúbàtà mi ti fẹ́ já létí.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 Oṣù Kẹsàn-án

Nọ́ọ̀sì Wùnmí pè. Báwo ni Màmá? Mo ní ara ń tù wọ́n. Ṣé wọ́n ń sùn? Wọ́n ń sùn. Ṣé ẹ ń máàkì fọ́ọ̀mù? À ń máàkì ẹ̀.

Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo jókòó ti fọ́ọ̀mù. Ọjọ́ mẹ́jọ, mo máàkì gbogbo ẹ̀ ní ìjókòó kan. Mo lo bíírò dúdú, mo lo búlúù, mo fi ọwọ́ òsì máàkì méjì kó lè wọ́, kó má dà bí ohun tí wọ́n kọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ń mú àwọn ọmọ tó ń ṣe irú ẹ̀. Mo máa ń ní kí wọ́n kúnlẹ̀.

Mo bo àṣìṣe mi mọ́lẹ̀, ó sì bò dáadáa.


Ọjọ́bọ̀, 11 Oṣù Kẹsàn-án

Ògiri ni Màámi kọjú sí látàárọ̀. Wọ́n ń fimú kọrin. Orin kan náà, ìlà kan náà, láìdánu dúró.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13 Oṣù Kẹsàn-án

Mo rí ọ̀rọ̀ náà! Màámi ló fún mi.

Ìyá Shukurat wá lẹ́yìn ìrun Àsárì, bó ṣe máa ń wá. Ogójì ọdún ni wọ́n ti jọ ń gbé ojúlé sí ojúlé. Ọ̀kan ń lọ mọ́ṣáláṣí, ọ̀kan ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ata kan náà ni wọ́n ń lọ̀. Mo gbé iṣẹ́ mi sórí itan, mò ń rò ó lọ, mò ń rò ó bọ̀. Màámi ní kí ló ń mú mi kojú jọ bí ẹni tó jẹ orógbó. Mo ní ọ̀rọ̀ kan ni, Màámi. Oògùn tí kì í wo àìsàn, tó kàn ń jẹ́ kéèyàn lè fara dà á.

Ó ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ ohun tí mo sọ. Ìyá Shukurat wò mí. Ó wo Màámi.

Màámi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Òṣùká nìyẹn."

Wọ́n wá sọ fún wa. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdébìnrin, igi ìdáná ni wọ́n ń rù láti ọ̀nà Arúlógun wá sí Bódìjà, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti ń gbéra. Wọ́n ní òṣùká ò dín ẹyọ igi kan kù nínú ẹrù. Bí ẹrù ṣe wúwo náà ló ṣe máa wúwo. Ṣùgbọ́n bí òṣùká bá wà lórí, wàá délé. Bí kò bá sí, orí á bó, wàá da ẹrù sójú ọ̀nà. Wọ́n ní ìyá àwọn ló máa ń ká a fáwọn láràárọ̀, nínú ìró ara ẹ̀ ló ti máa ń fà á ya. "Ẹni tó máa gbé ẹrù rù ọ́, òun ló ń ká òṣùká fún ọ. Bó bá gbé e rù ọ́ lórí òfìfo, o ò ní bá a jà. Ìyá ẹ ni. Ṣùgbọ́n wàá mọ̀."

Wọ́n ní kí n bá wọn mú àlòkù àdìrẹ kan wá nínú àpótí. Wọ́n fọwọ́ ara wọn ká a, yípo, yípo, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ra, wọ́n gbé e lé àyà. Mo rò pé ayé àtijọ́ ló ń wù wọ́n. Mo sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo tẹ̀ ẹ́: ÌTỌ́JÚ ÒṢÙKÁ. Mo mu mínírà kan lórí ẹ̀. Aṣọ làwọn ará Róòmù lò, aṣọ làwa náà lò. Ta ló lè túmọ̀ ẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ!


Ọjọ́ Àìkú, 14 Oṣù Kẹsàn-án

Ọjọ́ kẹtàlá. Alága ní ó ku mẹ́jọ. Mò ń kà á bí ẹlẹ́wọ̀n.


Ọjọ́ Ajé, 15 Oṣù Kẹsàn-án

Dókítà fi fóònù kọ̀wé sí mi pé ṣé àwọn èèyàn á lóye "òṣùká". Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò ru igi mọ́, ó ní. Ṣé "ìtọ́jú ìtura" ò ní dáa jù? Inú bí mi. Mo kọ̀wé padà, ó gùn tó ojú ewé kan: bí ẹrù ṣe ń rí lórí, bí ó ṣe ń jẹ orí, ohun tí aṣọ ń ṣe láàárín àwọn méjèèjì. Mo ka ohun tí mo kọ lẹ́ẹ̀mejì. Ó dùn mọ́ mi.

Màámi wà ní yàrá kejì, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wa. Mo gbọ́ orin imú wọn. Mo tẹ ìwé náà ránṣẹ́.


Ọjọ́rú, 17 Oṣù Kẹsàn-án

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe rí.

Láàárọ̀, èmi àti Ìyá Shukurat gbé Màámi sórí àga kí n lè pààrọ̀ aṣọ ibùsùn. Mo gbé ìrọ̀rí. Òṣùká àdìrẹ yẹn wà lábẹ́ ẹ̀. Ó tutù. Mo rò pé omi ló dà sí i. Mo tú u wò. Ojú eyín ló wà lára ẹ̀ yíká, ibì kan ti ya já, ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ wà níbẹ̀. Eyín mẹ́fà péré ló kù fún Màámi níwájú. Mo lè ka mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lára aṣọ.

Mo ní, Màámi, kí lèyí? Wọ́n ní, "Ó ń bá mi di ẹnu mú ni. Àwọn oníbàárà rẹ wà níta. N ò fẹ́ kariwo."

Mo dé ìdí wọ́dúróòbù, mo da aṣọ òkè sílẹ̀, mo tú náílọ́ọ̀nù. Àlejò wà níbẹ̀, ó kún dé ọrùn, kò sẹ́ni tó tíì ṣí i. Mo da ṣíbí àkọ́kọ́ sílẹ̀. Mo bu èkejì. Màámi ò bi mí pé oògùn kí ni. Wọ́n ti la ẹnu kí ṣíbí tó débẹ̀.

A jókòó tì wọ́n. Ìyá Shukurat ń fa tẹ̀sùbáà. Bí ìgbà tí ìrẹsì ń jinná ló gbà, kò jù bẹ́ẹ̀. Iwájú orí Màámi, tó ti ká jọ láti bí oṣù méjì, tẹ́jú. Èjìká wọn sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n sùn títí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń hanrun.

Mo ka ìṣísẹ̀ láti wọ́dúróòbù mi dé ibùsùn wọn. Méjìlá. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni oògùn fi wà nínú ilé yìí, ní ìṣísẹ̀ méjìlá sí ìyá mi, tí wọ́n ń bu aṣọ jẹ.

Mo kórìíra ara mi lónìí.


Ọjọ́bọ̀, 18 Oṣù Kẹsàn-án

Wọ́n ní kí n wá ẹ̀kọ gbígbóná àti mọ́ínmọ́ín eléwé fáwọn. Wọ́n jẹ ìdajì. Wọ́n ní irun mi dà bí ìtẹ́ ẹyẹ, pé ṣé bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń jókòó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́.

Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún irú èyí ni mo jí kó.


Ọjọ́ Ẹtì, 19 Oṣù Kẹsàn-án

Alága gbọ́. Wọ́n dé pẹ̀lú ariwo. Mo ti pe Bàbá Ikúbọlájẹ́ sílẹ̀ dè wọ́n.

Alága ní mo ti ba ẹ̀jẹ́ jẹ́ nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta. Bàbá ní ẹ̀jẹ́ wo? Alága ṣàlàyé. Bàbá ní, "Olúgbádé, ta ló ní kẹ́ ẹ máà fún ìyá yín lóògùn? Omi tá a gbàdúrà sí, òun náà la fi ń gbé oògùn mì."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi ju Alága lọ. Mo mọ Bàbá láti kékeré. Ìpè kan ṣoṣo lórí fóònù, n bá ti bi í. N ò bi í nítorí n ò fẹ́ ìdáhùn.

Alága jókòó sẹ́nu ọ̀nà, fìlà lọ́wọ́. Wọ́n ní àwọn rò pé báwọn ò bá gbà á, kò ní ṣẹlẹ̀ ni. Wọ́n sunkún. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta. N ò ráyè bínú sí wọn. Ẹnu mi ò gbà á. Kọ́kọ́rọ́ wọ́dúróòbù, ọwọ́ mi ló wà.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 Oṣù Kẹsàn-án

Màámi ní kí n ti ilẹ̀kùn, kí n jókòó. Wọ́n ní, "Kí ni dókítà wí lọ́jọ́ yẹn?"

Mo sọ ọ́ tán. Jẹjẹrẹ. Eegun ẹ̀yìn. Oṣù kan, bóyá méjì. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni wọ́n ń fọwọ́ pa mí lórí, bí ẹni pé èmi ni ara mi ò yá. Wọ́n ní, "O ṣé é, ọmọ mi. Ó ti wúwo lọ́kàn rẹ." Wọ́n sọ aṣọ tí wọ́n fẹ́ wọ̀ lọ. Wọ́n sọ ẹni tí wọn ò fẹ́ kó dáná níbi òkú wọn. A rẹ́rìn-ín.

Ó ku ọ̀kan. Ti ìgò. Ó wà lórí ahọ́n mi: Màámi, oògùn yín wà nílé láti ọjọ́ kìíní, èmi ni mo fi í pamọ́, ẹ foríjì mí. Mo lanu. Mo ní ṣé kí n bá yín bu omi wá?

Ọ̀la.


Ọjọ́ Ajé, 22 Oṣù Kẹsàn-án

Ọjọ́ kọkànlélógún pé lónìí. Kò sẹ́ni tó mẹ́nu bà á.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23 Oṣù Kẹsàn-án

Màámi jí fún bíi wákàtí kan. Mo sún mọ́ ibùsùn. Oníbàárà kan kan ilẹ̀kùn, ojú ewé méjì péré ló fẹ́ ẹ̀dà ẹ̀. Mo lọ. Mo lọ, Ọlọ́run, inú mi sì dùn pé mo rí ibi lọ. Nígbà tí mo dé, wọ́n ti sùn.

Ọ̀la. Bí ilẹ̀ bá mọ́, mi ò ní ṣí ṣọ́ọ̀bù.


Ọjọ́rú, 24 Oṣù Kẹsàn-án

N ò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Wọn ò jí. Mo sọ ọ́ sí wọn létí bí wọ́n ṣe ń sùn. Ìyẹn ò kà, mo mọ̀.


Ọjọ́ Ẹtì, 26 Oṣù Kẹsàn-án

Màámi lọ láàárọ̀ yìí, òjò ń rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ìrora ò sí lójú wọn. N ò sọ ọ́.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 Oṣù Kẹwàá

A ti sin wọ́n, èrò ti lọ. Ilé fẹ̀ jù.

Nọ́ọ̀sì Wùnmí wá kí mi, kó sì gba ìyókù oògùn àti fọ́ọ̀mù padà. Mo ti gbé fọ́ọ̀mù tuntun jáde lánàá — mo ní ẹ̀rọ fọtokọ́pì, mo bo àwọn àmì, mo tún un tẹ̀ lófìfo. Mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́ sínú àpótí kọ̀ọ̀kan, láti ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù: N ò fún wọn. N ò fún wọn. N ò fún wọn. Mo kó méjèèjì fún un, èyí tó jẹ́ irọ́ àti èyí tó jẹ́ òótọ́.

Ó kà á. Mo retí èébú, ì bá sì tẹ́ mi lọ́rùn. Ó kàn jókòó, ó ní, "Áńtí, Màmá mọ̀ pé oògùn wà." Ó ní lọ́jọ́ àkọ́kọ́, lórí bẹ́ǹṣì yẹn, Màámi ló bi òun pé ṣé àìsàn òun ṣeé wò. Òun ò lè parọ́ fún àgbàlagbà. Òun sọ fún wọn. Òun tiẹ̀ ṣàlàyé oògùn fún wọn: pé ó pupa, pé ó korò díẹ̀, pé ṣíbí kan ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, pé ọmọ wọn ló máa gbé e bọ̀ láti ọ̀dọ̀ dókítà.

Nígbà tí wọ́n bi mí nínú takisí, wọ́n ti mọ̀. Wọ́n kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi ni.

Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún. Gbogbo ìgbà tí mo wọlé pẹ̀lú ife omi àti Panadọ́ọ̀lù méjì, ọwọ́ mi ni wọ́n ń wò.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 Oṣù Kẹwàá

Mo lọ bá Ìyá Shukurat, mo kúnlẹ̀, mo bi í bóyá ó mọ̀ nípa oògùn. Ó ní kí n dìde, mi ò dìde.

Ó ní òun mọ̀. Ó ní òun fẹ́ bá mi jà, Màámi ló di òun mú. Ọjọ́ kan tí ìrora ń ṣe wọ́n gan-an, òun ní kí àwọn pè mí kí wọ́n béèrè oògùn wọn. Màámi ní rárá. Wọ́n ní, "Bí mo bá béèrè, ó máa mọ̀ pé mo mọ̀ pé mò ń kú lọ. Kò tíì lè gbé ìyẹn. Jẹ́ kí n bá a rù ú díẹ̀ sí i, ó máa débẹ̀ fúnra ẹ̀."

Mo ní ṣé wọ́n bínú? Ó ronú. Ìyá Shukurat kì í parọ́ tuni nínú. Ó ní, "Kò bínú. Ṣùgbọ́n ó máa ń tẹ́tí sí ẹsẹ̀ rẹ bó o bá ń bọ̀."


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Oṣù Kẹwàá

Ìwé pélébé náà ti ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé dé, kí n yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ tán. Dókítà ti gbà: ÌTỌ́JÚ ÒṢÙKÁ, gàdàgbà gàdàgbà níwájú. Ọ̀rọ̀ Màámi wà lábẹ́ ẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Mo wá àṣìṣe, n ò rí i. Àmì ohùn pé. Iṣẹ́ tó dáa ni. Kò sí èyí tó dáa tó o nínú gbogbo ohun tí mo ti túmọ̀ rí, kò sì wúlò fún ẹni tó fún mi lọ́rọ̀.

Mo fi gbólóhùn mẹ́ta kún un nísàlẹ̀. Lágogo mẹ́ta, Dókítà pè. Ó ní òun ò rí èyí nínú tòyìnbó. Mo ní mo mọ̀, sà. Ó ní ṣé kí àwọn yọ ọ́? Mo ní rárá, ẹ jọ̀ọ́. Ó tún un kà sókè lórí fóònù, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń kà á fún ara ẹ̀:

"Ọjọ́ tí oògùn yìí bá dé ilé ni kí o fún un. Má dúró kó béèrè. Ó lè má béèrè."